Alẹ́ Tí Osimhen Sùn sí Bergamo

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni, 21 oṣù Kejì, 2021. Lóṣù yẹn, aago Ítálì àti tiwa dọ́gba. Bí Atalanta àti Napoli ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ní Bergamo, nínú pápá tí Kòrónà ti lé èrò kúrò, ni àwọn ọmọ abúlé Akínyẹlé, n'Ìbàdàn, náà máa ń gbá tiwọn, lórí ilẹ̀ tó le kankan.

Aago méje kọjá. Kò tó ìdajì wákàtí tí góòlù mẹ́fà wọlé: Atalanta mẹ́rin, Napoli méjì.

Aago mẹ́jọ ku díẹ̀. Eré fẹ́ẹ̀ parí. Victor Osimhen, agbábọ́ọ̀lù Napoli, ọmọ Olúsọ̀sún l'Ékòó, ṣubú lulẹ̀, orí rẹ̀ gbálẹ̀, kò mira mọ́. Àwọn dókítà sáré wọlé. Ọkọ̀ aláìsàn gbé e, ó di ọsibítù.

Ká ní Ìrókò tàbí Mọ́níyà l'Akínyẹlé ni ńkọ́? Wọn á da omi tútù sí i lórí, wọn á fi Róòbù pa á níwájú orí. Bó bá ti lajú, wọn á ní, "Ṣé wàá lè gbá a?" Ọmọ wo ló máa ní òun ò lè gbá a? Ibẹ̀ gan-an lewu wà. Ọpọlọ tí kò tíì balẹ̀, tí nǹkan tún wá gbá, lè wú, ó sì lè pa ọmọ.

Òru. Àyẹ̀wò ò rí nǹkan búburú, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ padà sílé. Ọsibítù ló sùn, dókítà Napoli wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá ọmọ, ṣíṣọ́ ọmọ lóru báyìí ò gba ẹ̀rọ kankan. Bí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ lè sùn o, ẹ ṣáà máa jí i wò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú: ṣé ọmọlójú kan tóbi ju èkejì lọ? Ṣé ó ń bì? Ṣé orí ń fọ́ ọ sí i? Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara, àbí gìrì mú un? Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, tàbí tó bá ṣòro jí pẹ́nrẹ́n, ẹ má dúró dàárọ̀. Ẹ wá mọ́tò, ó di ọsibítù UCH n'Ìbàdàn, níbi tí Látúndé Òdékù, ọmọ Àwẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lọ́dún 1962.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Osimhen forí lé Naples. Kò dé orí pápá mọ́ títí di 7 oṣù Kẹta, tí wọ́n fi í rọ́pò ẹlòmíì nígbà tí wọ́n ń bá Bologna gbá. Ó gbá ọ̀kan wọlé.