Orí Lọ́tọ̀, Ara Lọ́tọ̀

Ṣọ́ọ̀bù bọ̀dá kan ládùúgbò wa n'Íbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ní nǹkan bí ọdún 2003. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti fọ́tòkọ́pì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà wọn ní orí lọ́tọ̀, ó ní ara lọ́tọ̀. Mọ́nítọ̀ onípàkọ́ ńlá tó wà lórí tábìlì ni orí. Àpótí gíga tó dúró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni ara, òun ni gbogbo wa ń pè ní CPU. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀yà kékeré kan nínú àpótí náà ló ń jẹ́ CPU, kì í ṣe àpótí fúnra rẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Títí dòní, CPU ni màmá mi ń pè é, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Lọ́jọ́ kan, NEPA mú iná dé, iná náà sì lágbára jù. Mọ́nítọ̀ dún pàù, ó kú. Bọ̀dá ò janpata. A lọ yá mọ́nítọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, àwa méjèèjì la jọ gbé e wá. Wọ́n fa wáyà yọ, wọ́n fi ti tuntun sí i, iṣẹ́ bá ń lọ. Gbogbo iṣẹ́ oníbàárà tó wà nínú CPU ló wà bó ṣe wà.

Ọjọ́ yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rí àwọn kọ̀ǹpútà òde òní tí orí àti ara wọn ti di ọ̀kan, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní all-in-one.

Ẹ má rò pé àṣà tuntun ni o. Lọ́dún 1977, ilé-iṣẹ́ Commodore ní Amẹ́ríkà gbé PET jáde: ojú rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó fi ń tọ́jú iṣẹ́, ara kan náà ni gbogbo wọn wà. Ní January 24, 1984, Apple gbé Macintosh jáde ní dọ́là 2,495. Ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 9, ó sì wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì jó RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣí i, ẹ máa wá síkúrùdíráfà àkànṣe kan tó gùn, nítorí èyí tó wà nílé yín ò ní dé ibẹ̀.

Ta ló wá sọ orí lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀ di àṣà gbogbo ayé? IBM ni. August 12, 1981 ni wọ́n gbé IBM PC jáde. Wọ́n fẹ́ tètè wọ ọjà, nítorí náà wọn ò ṣe gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ fúnra wọn. Ọwọ́ Intel ni wọ́n ti ra ọpọlọ rẹ̀, ọwọ́ Microsoft ni wọ́n ti gba DOS. Wọ́n fi ihò márùn-ún sílẹ̀ nínú àpótí náà kí olówó rẹ̀ lè ki ohun tó bá fẹ́ sí i. Wọ́n tún tẹ ìwé tó ṣàlàyé bí inú rẹ̀ ṣe rí. Kò pẹ́ rárá tí àwọn mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ẹ̀. Compaq kéde tiwọn ní November 1982.

Níbẹ̀rẹ̀, ṣe ni àpótí náà ń sùn, mọ́nítọ̀ á wá jókòó lé e. Nígbà tó yá ó dìde dúró. IBM fúnra wọn ta PS/2 méjì tó ń dúró sílẹ̀ lọ́dún 1987. Irú kọ̀ǹpútà tí a lè tú tí a sì lè tò yìí náà ni wọ́n fi ṣòwò ní Computer Village, Ìkẹjà: RAM lọ́dọ̀ ẹnìkan, hard disk lọ́dọ̀ ẹlòmíì, mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ ẹnìkẹta. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ní 1998 ni nǹkan yí padà. Apple ti pàdánù owó rẹpẹtẹ, Steve Jobs sì ti padà síbẹ̀. Wọ́n gbé iMac jáde ní dọ́là 1,299, aláwọ̀ búlúù tí èèyàn ń rí inú rẹ̀ láti òde. Kò ní ihò flọ́pì, wáyà rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ tú u sílẹ̀ nínú páálí, ẹ kì í bọ iná, ó parí. Àmọ́ òun náà ṣì ní ìpàkọ́, ó sì wọn nǹkan bíi kílò 17. Ohun tó fà á ni pé láti ẹ̀yìn ni mọ́nítọ̀ àtijọ́ ti ń ta ìtànṣán lu gíláàsì ojú rẹ̀, ìtànṣán náà sì nílò àyè kó tó lè dé gbogbo igun.

Mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ ló mú ìpàkọ́ kúrò. Lọ́dún 2004, iMac G5 kó gbogbo kọ̀ǹpútà sẹ́yìn ojú rẹ̀. Ká sọ òótọ́, èèyàn ṣì lè tú síkúrù ẹ̀yìn rẹ̀ kó fi RAM kún un. Ní 2012, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú rẹ̀ mọ́ ara. Nígbà tó fi di 2021, gbogbo rẹ̀ ò nípọn ju mìlímítà 11.5 lọ, RAM sì ti di ara kan náà pẹ̀lú ọpọlọ. Iye tẹ́ ẹ bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun náà lẹ máa lò títí láé. HP, Dell àti Lenovo náà ń ta all-in-one tiwọn.

Mi ò ní purọ́, ó rẹwà. Kì í gba àyè, wáyà ò sì ní kọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ra ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù oògùn wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, bọ́ọ̀dù rẹ̀ jó. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò ní àbàwọ́n kankan. Mo gbé e lọ sí Ìkẹjà, mo ní ká sọ ojú yẹn di mọ́nítọ̀ fún kọ̀ǹpútà mìíràn. Ọ̀gá tó ń tún un ṣe rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò sí ihò tí wáyà máa gbà wọlé. Owó bọ́ọ̀dù tuntun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó odindi rẹ̀. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe o: púpọ̀ nínú àwọn iMac tí wọ́n ṣe láàárín 2009 sí 2014 lè ṣe mọ́nítọ̀ fún kọ̀ǹpútà mìíràn. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni kò lè ṣe é mọ́.

Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe owó. Inú CPU bọ̀dá yẹn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mò ń jẹ lónìí. Wọ́n á ní kí n tú u, kí n gbọn eruku rẹ̀, kí n yọ RAM kí n nù ún. Bí mo ṣe mọ ohun tó ń ṣe kí nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wo ló máa fọwọ́ kan inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa?

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ọlọ́jà ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé mo lè fi RAM kún un? Ṣé mo lè pààrọ̀ hard disk rẹ̀? Ṣé ojú rẹ̀ lè ṣe mọ́nítọ̀ bí ara bá kú? Bó bá ní rárá sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ṣì lè rà á. Ẹ ṣáà mọ̀ pé lọ́jọ́ tí apá kan bá kú, odindi lẹ máa sin.