Láti Òṣómàáló dé orí fóònù: ṣé wọ́n lè tì ọ́ mọ́lé torí gbèsè?

1. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ fi fọ́tò ọ̀rẹ́ mi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n kọ "OLÈ" gàdàgbà sí i lórí. Ó yá owó lórí áàpù kan, ọjọ́ ìsanwó sì ti kọjá. Nígbà tí mo pè é, ohun tó kọ́kọ́ bi mi ni pé: "Ṣé ọlọ́pàá máa mú mi ni?" Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn wò ná kí n tó dáhùn.

2. Ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó yá owó ńlá lè fi ara ẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀ sọfà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú o, ọmọ ìlú ni. Àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Kò dín owó ẹyọ kan kúrò nínú ojú owó. Tí ojú owó ò bá tíì pé, ọdún á máa gorí ọdún.

3. Ológò. Samuel Johnson, pásítọ̀ tó ṣiṣẹ́ nílùú Ọ̀yọ́, kọ nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tó jáde ní 1921. Tí gbèsè bá le, olówó á rán ológò lọ sílé onígbèsè. Á jókòó síbẹ̀, á máa bú èébú, á máa pariwo, á mú adìyẹ tàbí ewúrẹ́ tó bá rí pa jẹ. Gbogbo agboolé ló ń jẹ níbẹ̀.

4. Òṣómàáló. Àwọn oníṣòwò aṣọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà nìyẹn, tí wọ́n ń gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Orúkọ yẹn ti sọ gbogbo ẹ̀: òṣó ni mo máa ló títí màá fi gba owó mi. Tọ́jọ́ bá pé, iwájú ilé ẹ ni.

5. Ṣé ẹ ti rí i? Ìtìjú ni wọ́n fi ń gbowó. Áàpù yẹn náà mọ̀ pé a máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà. Ilé tí ológò lọ, àgbà wà níbẹ̀ tó lè bẹ̀bẹ̀, tó lè dá ọjọ́, tó lè kó owó jọ. Gbogbo èèyàn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù ọ̀rẹ́ mi, kí ni wọ́n fẹ́ yanjú? Ẹ̀sín lásán ló kù.

6. Ní Nàìjíríà lónìí ńkọ́? Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, ní ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ibẹ̀ ni gbèsè bọ́ sí. Jìbìtì tàbí ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí, ìyẹn yàtọ̀.

7. Ẹ má yọ̀ jù o. Ayánilówó lè pè ọ́ lẹ́jọ́. Tó bá jàre, kóòtù lè ní kí wọ́n gba owó inú àkáǹtì ẹ tàbí kí wọ́n ta ẹrù ẹ. Tó o bá lówó, tó o wá kọ̀ láti ṣe ohun tí kóòtù pa láṣẹ, ẹ̀wọ̀n lè wọ̀ ọ́. Láti 2020 náà, ìlànà CBN kan ti jẹ́ kí báǹkì tó o jẹ lówó lè yọ owó ẹ ní báǹkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN.

8. Ti fọ́tò "OLÈ" yẹn ńkọ́? FCCPC ti gbé ìlànà jáde ní 2022 fáwọn ayánilówó orí fóònù, Òfin Ìdáàbòbò Dátà sì dé ní 2023. Tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ wọn, kó o fi sùn.

9. Ohun tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi nìyí: "Rárá, gbèsè ò sọ ẹ́ di olè. Kọ̀wé sí wọn, dá ọjọ́, san án díẹ̀díẹ̀." Owó olówó ṣì ni, ká san án. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ kú. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ń sá fún fóònù ẹ̀ báyìí, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i.