Ohun Tí Etí Ń Retí: Ìwádìí lórí Àṣìgbọ́ láàárín Awakọ̀ Bàálù àti Olùdarí Ọkọ̀ Òfurufú, láti Kìṣí dé Tenerife

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, bàálù Boeing 737 kan ti ilé iṣẹ́ Bellview gbéra ní Ìkẹjà, ó ń lọ sí Àbújá. Ènìyàn 117 ló wà nínú rẹ̀. Olùdarí tó wà ní Èkó ní kí awakọ̀ pe òun padà tó bá ti kọjá 13,000 ẹsẹ̀ bàtà. Awakọ̀ ní òun ti gbọ́, òun yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ láti inú bàálù náà.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, ìròyìn gba ìgboro kan pé wọ́n ti rí bàálù náà nítòsí Kìṣí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀, ní Òkè-Ògùn wa níbí. Wọ́n ní ó lé ní ìdajì àwọn èrò inú rẹ̀ tó yè. Ẹnu òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, kì í ṣe ẹnu ọlọ́fòófó, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìròyìn òkèèrè fi gbé e kiri. Kí ọjọ́ náà tó rọ̀, òtítọ́ hàn: abúlé Lísà, tí kò jìnnà sí Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni bàálù ọ̀hún já sí. Láti ibẹ̀ dé Kìṣí ju 250 kìlómítà lọ. Kò sí ẹnì kankan tó yè.

Àwọn tó bá kọ̀wé lórí àṣìgbọ́ orí rédíò kì í sábà dárúkọ Kìṣí, nítorí pé orí ilẹ̀ ni àṣìṣe yẹn ti ṣẹlẹ̀. Èmi fi í ṣáájú nítorí pé àrùn kan náà ni. Àwọn ẹbí tó jókòó sí pápákọ̀ ń retí kí a sọ fún wọn pé èèyàn wọn yè, ìròyìn tó bá ìrètí náà mu sì dé, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kejì. Nínú ọ̀pọ̀ ìjàǹbá tí a ó mẹ́nu bà níhìn-ín, ẹ̀rọ lè bàjẹ́, ahọ́n lè lọ́, òkè lè dí ohùn lọ́nà, ṣùgbọ́n ohun tó ń pani gan-an ni pé etí ti mọ ohun tó fẹ́ gbọ́ kí ẹnu tó là.

Ìlù àti rédíò

Ẹni tó bá mọ ìlù dùndún kò ní pẹ́ lóye ìṣòro yìí. Dùndún ń sọ ohùn ọ̀rọ̀ síta, kò sì lè pe kọ́ńsónáǹtì. Ilé, igbó, owó, ọkọ́: ohùn kan náà ni gbogbo wọn ní, re-mí. Onílù tó bá fẹ́ sọ pé owó, tó sì lu re-mí lẹ́ẹ̀kan péré, olúwarẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí àyàn fi máa ń na ọ̀rọ̀, tó ń lo gbólóhùn gígùn tí gbogbo ìlú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì ń tún un lù. John Carrington, ẹni tó kọ Talking Drums of Africa ní 1949, rí irú nǹkan kan náà lọ́dọ̀ àwọn onílù Kóńgò.

Rédíò inú bàálù dàbí dùndún ní ọ̀nà kan: ó ń gé ọ̀rọ̀ kù. Ohùn tín-ín-rín tó wà lókè pátápátá nínú ọ̀rọ̀, èyí tí a fi ń mọ f yàtọ̀ sí s, kì í sábà kọjá. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń dé etí ẹlòmíràn, pẹ̀lú ariwo ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn rẹ̀. (Ó ń wù mí láti bèèrè bí ọ̀rọ̀ ì bá ti rí ká ní Yorùbá ni ayé yàn fún ojú ọ̀run, èdè tó jẹ́ pé ohùn ló gbé ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀. Ó dà bíi pé nọ́ńbà wa ì bá kó wa sí wàhálà: ẹni tó bá ti fi fóònù bèèrè iye owó iṣu láti Ìgbòho, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró, mọ bí ẹgbẹ̀rún méje ṣe máa ń di ẹgbẹ̀rún méjì.)

Ohun tí àyàn ṣe fún ìlù ni àjọ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, ICAO, ṣe fún rédíò. Wọ́n mú àwọn ọ̀rọ̀ kan, wọ́n sọ wọ́n di àkọ́sórí. A kì í pe lẹ́tà B ní B, Bravo ni. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án lédè Gẹ̀ẹ́sì di "niner" kó má baà jọ márùn-ún, mẹ́ta sì di "tree". Lẹ́yìn náà ni òfin àtúnsọ: ohun tí olùdarí bá pa láṣẹ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún un sọ, kí olùdarí sì fetí sí àtúnsọ náà. Bí a ṣe ń rán ọmọ níṣẹ́ náà nìyẹn, tí a ní kó tún iṣẹ́ náà jẹ́ lójú wa kó tó gbéra.

Òfin yìí ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Kim Cardosi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jókòó gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999, àtúnsọ tó ní àṣìṣe kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó kù ni pé nígbà tí àtúnsọ bá ṣì, ta ni yóò gbọ́ pé ó ṣì? Olùdarí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nọ́ńbà náà tán, nọ́ńbà tirẹ̀ ló wà létí rẹ̀. Ní 19 oṣù Kejì ọdún 1989, bàálù akẹ́rù kan ti ilé iṣẹ́ Flying Tiger ń sọ̀ kalẹ̀ sí Kuala Lumpur. Olùdarí ní kó sọ̀ dé 2,400 ẹsẹ̀ bàtà: "descend two four zero zero." Awakọ̀ gbọ́ "two" bíi "to", èyí tó túmọ̀ sí "dé", ó sì fèsì pé "Okay, four zero zero." Ìyẹn 400. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Àwọn mẹ́rin tó wà nínú bàálù náà kú lára òkè. A lè ka èyí sí ẹjọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jọ òmíràn. Ní tèmi, ẹjọ́ àtúnsọ ni: ọ̀nà àbáyọ ti jáde lẹ́nu awakọ̀ fúnra rẹ̀, ó gba iwájú etí méjì kọjá.

Ohùn méjì lórí ìkànnì kan

Rédíò bàálù kì í ṣe fóònù. Ìkànnì kan ni gbogbo bàálù tó wà lábẹ́ olùdarí kan ń lò, ẹnì kan ló sì lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹni méjì bá tẹ bọ́tìnnì pọ̀, ohùn wọn á bára wọn jà, súfèé gbọọrọ ni àwọn yòókù yóò gbọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé lórí rédíò FM tí a fi ń gbọ́ ìròyìn nílé, ohùn tó lágbára jù máa ń bo èkejì mọ́lẹ̀ pátápátá, a ò sì ní mọ̀ pé ẹnìkan sọ̀rọ̀. Súfèé ṣáà ń sọ pé ẹnìkan wà níbẹ̀.

Ní erékùṣù Tenerife, 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, súfèé náà ké, kò sì gba ẹnikẹ́ni. Kùrukùru bo pápákọ̀ Los Rodeos, bàálù méjì, ti KLM àti ti Pan Am, sì wà lójú ọ̀nà ìgbéra kan náà. Awakọ̀ KLM sọ pé àwọn ti wà "at take-off". Olùdarí ní "OK", ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n dúró títí òun yóò fi pè wọ́n. Ní àkókò yẹn gan-an ni awakọ̀ Pan Am ké sí wọn pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà ìgbéra. Ohùn méjèèjì bára wọn jà. Ohun tó dé inú bàálù KLM ketekete ni "OK". Ẹnìkan nínú wọn bèèrè bóyá Pan Am kò tíì kúrò lọ́nà, ọ̀gá awakọ̀ sì dáhùn pẹ̀lú ìdánilójú pé ó ti kúrò. Bàálù méjèèjì kọlu ara wọn, ènìyàn 583 ló kú. Ọ̀gá náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ojú ọjọ́ ń burú sí i, ó ń wá ọ̀rọ̀ kan tí yóò jẹ́ kó lọ, "OK" sì ni ọ̀rọ̀ náà.

Orúkọ ìpè tó jọra, ìyẹn orúkọ tí olùdarí fi ń pe bàálù kọ̀ọ̀kan lórí rédíò, wà lára àwọn okùnfà tí gbogbo ìwé ń kà, bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́tìnnì tó há, tó sì di ìkànnì pa. Wọn kò nílò àlàyé púpọ̀.

Òkè, jíjìn, àti èdè

Ìgbì rédíò VHF tí bàálù ń lò kì í yípo òkè. Bí ojú ṣe ń ríran ló ṣe ń rìn: ohun tí ojú lè rí láìsí ìdíwọ́ ni ohùn lè dé. Bàálù tó wà ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà lè bá ilẹ̀ tó jìn tó 400 kìlómítà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá sọ̀ dé 1,000, kò ju nǹkan bí 70 lọ. Ẹni tó bá ti gun òkè Àṣàbàrí ní Ṣakí, tó rí bí pápá ṣe tẹ́ lọ títí dé ọ̀nà Benin, tó tún sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn òkè náà tí fóònù rẹ̀ sì dákẹ́, ti mọ òfin yìí láìka ìwé. Ohun tí Nàìjíríà ṣe sí i ni pé wọ́n gbé ètò rádà TRACON kalẹ̀, tí ilé iṣẹ́ Thales ti ilẹ̀ Faransé kọ́. Ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ rádà rẹ̀ wà ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n rádà ń fi bàálù han olùdarí ni, kì í bá a gbé ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùdarí, NATCA, ti pariwo léraléra pé rédíò kò dáa tó. Ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀run Áfíríkà, awakọ̀ máa ń lọ sí ìkànnì 126.9, á kéde ibi tó wà àti ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí, bí onímọ́tò ṣe ń fọn fèrè ní kọ́nà tí kò rí iwájú.

Ààlà Benin kò jìnnà sí Ṣakí, oríṣìíríṣìí èdè ló wà ní ọjà níbẹ̀: Yorùbá, Bàríbá, Fúlàní, Faransé. Lójú ọ̀run pẹ̀lú, èdè ju ẹyọ kan lọ. Ní Benin, olùdarí lè bá awakọ̀ kan sọ Faransé, kó bá èkejì sọ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin àgbáyé gbà bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí kò gbọ́ Faransé ti pàdánù ìdajì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àyíká rẹ̀. Ní pápákọ̀ Charles de Gaulle ní Paris, 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, olùdarí fún ọkọ̀ ńlá kan láṣẹ ìgbéra lédè Faransé, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún kékeré kan pé kó bọ́ sójú ọ̀nà náà. Àwọn tó wà nínú kékeré kò mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀. Igbákejì awakọ̀ kan kú.

Láti 5 oṣù Kẹta ọdún 2008, ICAO ní kí gbogbo awakọ̀ àti olùdarí tó ń bá orílẹ̀-èdè mìíràn sọ̀rọ̀ ní òye Gẹ̀ẹ́sì tó dé ìpele kẹrin nínú mẹ́fà. Ìjàǹbá Charkhi Dadri ní Íńdíà wà lára ohun tó ti òfin yìí síwájú: 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1996, bàálù Kazakhstan kan sọ̀ kọjá ìwọ̀n gíga tí wọ́n fún un, ó sì kọlu ti Saudi. Ènìyàn 349 ló ṣòfò. Ohun tí òfin náà kò tíì wò sàn ni ti àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìyá wọn, tí wọ́n ń sọ ọ́ wàrà-wàrà pẹ̀lú àkànlò èdè ìlú wọn, tí ará Zaria tàbí ará Dakar kò sì lè gbá mú. Kò tó kí ẹni tó ń gbọ́ mọ èdè, ó yẹ kí ẹni tó ń sọ ọ́ náà máa sọ ọ́ kó lè yé èèyàn.

Ọjọ́ márùn-ún péré ṣáájú ti Íńdíà ni tiwa ní Èjìrín. Ní 7 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Boeing 727 ti ADC tó ń bọ̀ láti Port Harcourt yí gbirigiri láti yẹra fún bàálù Triax tó dojú kọ ọ́, kò sì bọ̀ sípò mọ́. Gbogbo àwọn 144 tó wà nínú rẹ̀ kú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake sì wà lára wọn. Àwọn kan ń ka Èjìrín mọ́ àṣìgbọ́. Mi ò gbà. Àṣẹ tí olùdarí pa ló darí ọkọ̀ náà sójú ọ̀nà èkejì. Awakọ̀ gbọ́ àṣẹ náà dáadáa.

Ọ̀wọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí a kò sọ

Ní 25 oṣù Kìíní ọdún 1990, epo ń tán nínú bàálù Avianca tó ń lọ sí New York láti Kòlóńbíà. Awakọ̀ sọ pé epo ń tán lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ "Mayday", kò sì ní pàjáwìrì ni. Létí olùdarí, ọkọ̀ tí epo rẹ̀ ń tán lọ jẹ́ nǹkan ojoojúmọ́. Ọkọ̀ náà já, ènìyàn 73 kú nínú 158.

Ó máa ń yá àwa Yorùbá lára láti sọ pé ọ̀wọ̀ ló fà á, pé ọmọdé kò lè já lu ọ̀rọ̀ àgbà, pé ẹni tó bá kí ẹnìkan ní "ẹ jọ̀ọ́ sà" lẹ́ẹ̀mẹta kò ní rí àyè sọ pé iná ń jó. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti bàálù ilé iṣẹ́ Dana tó já ní 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, ní Ìjù-Ìṣàgá. Ọ̀gá awakọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ará Amẹ́ríkà ni. Ìwádìí fi hàn pé wọ́n ti mọ̀ nínú bàálù náà, ìgbà pípẹ́ ṣáájú, pé ẹ́ńjìnnì kan kò dáhùn mọ́. "Mayday" jáde nígbà tí èkejì náà dákẹ́. Ó jáde ketekete, olùdarí sì gbọ́ ọ. Àwọn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, pẹ̀lú àwọn tó wà nílẹ̀. Ìrètí ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìrètí pé yóò dáa, pé kò tíì tó ohun à ń kígbe sí.

Ìdákẹ́jẹ́

Àwọn olùwádìí lè ka àtúnsọ tó ṣì, wọ́n lè ka súfèé. Kò rọrùn láti ka ìdákẹ́jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a padà sí alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn ní Èkó. Olùdarí ní kí awakọ̀ pe òun ní 13,000 ẹsẹ̀ bàtà, awakọ̀ sì gbà. Ọkọ̀ tó ń gòkè yóò lo ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó débẹ̀, ó sì tọ́ kó dákẹ́ títí di ìgbà náà. A kò rí àpótí tó ń gba ohùn sílẹ̀, àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá kò sì lè sọ pàtó ohun tó gbé bàálù náà ṣubú. Ohun tí a mọ̀ ni pé fún ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn, ìdákẹ́jẹ́ ọkọ̀ tó ń gòkè àti ìdákẹ́jẹ́ ọkọ̀ tó ti wà nínú ilẹ̀ Lísà, ọ̀kan náà ni wọ́n létí ẹni tó ń dúró.