Tíkẹ́ẹ̀tì oníwákàtí ní mùsíọ́ọ̀mù

Tíkẹ́ẹ̀tì oníwákàtí ni ìwé ìwọlé tí ó ń sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹni tí ó gbà á lè wọ mùsíọ́ọ̀mù, ìyẹn ilé tí a ń kó iṣẹ́ ọnà àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Àkókò ìwọlé nìkan ni ó sábà máa ń dè; ẹni tí ó bá ti wọlé lè wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn. Ìdí tí wọ́n fi ṣètò rẹ̀ ni kí èrò má baà pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn arìnrìn-àjò láti Nàìjíríà gidigidi, nítorí pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá wà lókè òkun, ọjọ́ tí físà sì ń fúnni kì í pọ̀.

Ìtàn

Kí ètò yìí tó gbilẹ̀, ìlà ni èrò ń tò. Ní ọdún 1972, àfihàn ìṣúra Tutankhamun, ọba Íjíbítì àtijọ́, ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù fa èrò tí ó lé ní 1,600,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó wọlé. National Museum of African American History and Culture ní Washington, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì oníwákàtí tí kì í gba owó. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ní ọdún 2020, ètò náà di ti ojoojúmọ́ káàkiri. Louvre ní Párísì, tí ó gba àlejò bíi 8,700,000 ní ọdún 2024, kì í gbà ju 30,000 lọ lójúmọ́.

Iṣẹ́ ọnà Yorùbá àti ìmúrasílẹ̀

Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, wà ní British Museum. Wọ́n gbé e lọ sí àfihàn Wembley ní ọdún 1924, ó sì di ti mùsíọ́ọ̀mù náà nígbà tí Ògògà gba ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pàṣípààrọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Irú àwọn ohun báyìí a máa rìnrìn àjò lọ sí àfihàn níbòmíràn, nígbà mìíràn wọ́n a sì wà nínú yàrá ìpamọ́. Nítorí náà, kí ènìyàn tó mú wákàtí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá ohun tí ó fẹ́ wò wà níta.

Ìwọlé sí gbọ̀ngàn gbogbogbòò British Museum kò gba owó, nítorí náà kò sí àdánù nínú kí a mú wákàtí kan ṣáájú físà. Ti Louvre kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í sábà dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà tàbí pààrọ̀ ọjọ́, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 sì ni àlejò tí kì í ṣe ará Yúróòpù ti ń san 32 Yúrò. Ẹni tí físà rẹ̀ kò tíì jáde kò yẹ kí ó ra á. Louvre kì í sì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Wákàtí ibi tí mùsíọ́ọ̀mù wà ni ó máa ń wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Nàìjíríà kì í yí aago padà, àwọn ìlú wọ̀nyí ń yí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago Lọ́ńdọ̀nù bá ti Ọ̀tà mu. Nígbà òtútù, ó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Párísì fi wákàtí kan ṣáájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì bá a mu nígbà òtútù. Washington fi wákàtí 5 tàbí 6 wà lẹ́yìn, tí ó fi jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ ní aago 9 òwúrọ̀ níbẹ̀ ti di ti aago 2 tàbí 3 ọ̀sán ní Ọ̀tà.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí arìnrìn-àjò mú wákàtí òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ balẹ̀. Ìlà àwọn aṣọ́bodè lè gùn, British Museum kì í sì í gba àpótí onítáyà wọlé, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Kí ẹrù kọ́kọ́ dé ibùwọ̀ ná.

Láti Ìyànà Ìyẹsí sí Oníkàn

Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Orílẹ̀-èdè ní Oníkàn, Èkó, tí Kenneth Murray dá sílẹ̀, tí ó sì ṣí ní ọdún 1957, jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ó súnmọ́ àwọn ará Ọ̀tà jù. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọdún 1976 wà. Ojú ọ̀nà ni ó ń fi wákàtí lé àlejò lọ́wọ́ níhìn-ín. Láti Ìyànà Ìyẹsí, ọ̀nà Ìdírókò ni a ń gbà dé Sàngó, kí a tó bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Abẹ́òkúta sí Èkó, tí a ó sì gba Ọ̀ṣòdì àti afárá Third Mainland dé Erékùṣù Èkó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sàngó nìkan lè jẹ òwúrọ̀ tán. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line ń gbé èrò láti Agbádó dé Oyíǹgbò, ó sì ní wákàtí tí ó ń gbéra. Ẹni tí ó bá gbà á a tún wọ ọkọ̀ mìíràn láti Oyíǹgbò dé Oníkàn.