Jẹjẹrẹ ọyàn: Oríṣìí iṣẹ́ abẹ tó wà àti ohun tó yẹ kí obìnrin mọ̀

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọyàn rí. Òun ni jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù lọ lára àwọn obìnrin ilẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í dé ọ̀dọ̀ dókítà títí kókó inú ọyàn yóò fi tóbi tàbí tí yóò fi di egbò. Ìbẹ̀rù pé wọn yóò gé ọyàn náà wà lára ohun tó ń dá wọn dúró sílé. Síbẹ̀, oríṣiríṣi ni iṣẹ́ abẹ tó wà.

Àyẹ̀wò ló ṣáájú. Kì í ṣe gbogbo kókó inú ọyàn ló jẹ́ jẹjẹrẹ. Dókítà yóò fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò, èsì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde kí ẹnikẹ́ni tó gbà kí wọ́n gé ọyàn òun.

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ abẹ yìí le púpọ̀. Ní ọdún 1894, William Halsted, dókítà ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ọ̀nà tirẹ̀: gbogbo ọyàn, ẹran àyà abẹ́ rẹ̀ àti àwọn kókó abíyá ni wọ́n ń gé kúrò. Ìwádìí Umberto Veronesi ní Ítálì àti ti Bernard Fisher ní Amẹ́ríkà ló yí èyí padà. Nígbà tí èsì ogún ọdún ìwádìí méjèèjì jáde ní 2002, ó hàn pé bí àrùn náà kò bá tí ì pọ̀ jù, ẹ̀mí àwọn tí wọ́n yọ kókó nìkan fún, tí wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú, gùn bíi ti àwọn tí wọ́n gé gbogbo ọyàn wọn.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe lóde òní nìwọ̀nyí:

Yíyọ kókó nìkan: Wọn yóò yọ kókó náà àti díẹ̀ lára ẹran tó yí i ká. Ọyàn yóò kù, ṣùgbọ́n ìtọ́jú onítànṣán ló sábà máa ń tẹ̀ lé e.

Gígé gbogbo ọyàn: Èyí ni wọ́n ń ṣe bí kókó bá tóbi, tó bá ju ẹyọ kan lọ káàkiri ọyàn, tàbí tí aláìsàn kò bá lè gba ìtànṣán. Wọ́n sábà máa ń fi ẹran àyà sílẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ abíyá: Abíyá ni jẹjẹrẹ ọyàn sábà máa ń kọ́kọ́ ràn dé. Wọ́n lè yọ kókó abíyá díẹ̀ fún àyẹ̀wò, tàbí kí wọ́n yọ púpọ̀. Bó bá pọ̀, apá lè máa wú lẹ́yìn náà.

Títún ọyàn ṣe: Wọ́n lè fi ẹran ikùn tàbí ti ẹ̀yìn mọ ọyàn mìíràn. Ẹlòmíràn a máa fi ọyàn àtọwọ́dá sínú kọ́mú.

Bí kókó bá ti tóbi jù, dókítà lè kọ́kọ́ fún aláìsàn ní oògùn apa-jẹjẹrẹ kó lè súnkì kí wọ́n tó lo abẹ.

Obìnrin tó ń gbé ní Òkè-Agbo, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tàbí ní Àgọ́-Ìwòyè lè lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ tó wà ní Ṣágámù. UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó, wà lára àwọn tó ń fi ìtànṣán tọ́jú aláìsàn. Ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ni wọ́n sábà máa ń gba ìtànṣán. Nítorí náà, kí obìnrin tó yan yíyọ kókó nìkan, ó yẹ kó ti ro owó ọkọ̀, ibùsùn àti owó ìtọ́jú, nítorí ẹni tó yọ kókó tí kò gba ìtànṣán tí dókítà ní kó gbà, ewu ńlá ló wà pé kí àrùn náà padà wá.

Àwọn kan ń sọ pé abẹ ló ń mú jẹjẹrẹ tàn kálẹ̀. Irọ́ ni. Ìdádúró ló ń jẹ́ kó tàn. Betty Anyanwu-Akeredolu, opó gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà kan rí, ní àrùn yìí ní 1997, ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀, ó sì lo ohun tó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà lẹ́nu ìpolongo rẹ̀. Obìnrin tó bá rí kókó lónìí, kó má dúró di ọ̀la.