Kẹ̀kẹ́ Tó Bu Kẹ́kẹ́

Ẹ ki íàpíìsì bọ etí, torí ìtàn olè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Bàbá tó bí bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ Raleigh kan. Ó ń gùn ún lọ sóko, ó ń gùn ún lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, tó bá sì di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, á ti àkísà bọ kẹrosíìnì, á máa nù ún títí á fi máa dán. Wọ́n jí i lóru ọjọ́ kan. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, Bàbá lọ sọ́jà ìlú kejì, ó sì rí kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n gbé ti ara ògiri. Àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún. Wọ́n ti yọ irin pẹlẹbẹ tí orúkọ máa ń wà lára rẹ̀ níwájú kúrò. Bàbá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú, kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀ fariga: "Ṣé orúkọ yín wà lára ẹ̀ ni?" Bàbá ní orúkọ òun kò sí níbẹ̀, àmọ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n wo irin eléyín tí ṣéènì ń gbà yí. Orí ẹyẹ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹnu ọ̀kan ti kán, ọjọ́ tí òun ṣubú lórí afárá ló kán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wò ó. Kẹ̀kẹ́ padà sílé.

Bàbá kò tún un kùn. Àwọ̀ ewé olè yẹn náà ni mo bá lára ẹ̀ nígbà tí wọ́n bí mi.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, pẹ́pẹ́yẹ ni mo pe àwọn ẹyẹ yẹn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí lékelékè ni, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tí òyìnbó ń pè ní heron. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frank Bowden ló ra ilé iṣẹ́ kékeré kan tó wà ní òpópónà Raleigh nílùú Nottingham ní 1888. Inú àmì ìdílé tirẹ̀ ni ẹyẹ náà ti wá. Bí ìdílé òyìnbó kan ṣe fi àmì ara wọn sábẹ́ ẹsẹ̀ àgbẹ̀ oníkòkó nìyẹn, tí àgbẹ̀ náà sì fi gba ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ olè.

Ìbéèrè ọkùnrin ọjà yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Tí wọ́n bá pa orúkọ rẹ́, kí ló kù lára kẹ̀kẹ́ tí a ó fi mọ̀ ọ́n? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa kẹ̀kẹ́ eré ìje, mo rí i pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹyẹ Bàbá ti wá gan-an ni wọ́n ti fi bí ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ dáhùn ìbéèrè yẹn. Òfin ló fà á.

Ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń sáré ìje lójú títì gbogbogbò, wọ́n ń dẹ́rù ba ẹṣin, àwọn ọlọ́pàá sì ń lé wọn. Ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso wọn, National Cyclists' Union, bẹ̀rù pé ìjọba lè fòfin de kẹ̀kẹ́ pátápátá. Àwọn fúnra wọn bá fòfin de eré ìje lójú títì. Ọkùnrin kan, F. T. Bidlake, wá ọgbọ́n dá sí i ní 1895. Wọn ò ní sáré pọ̀ mọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gbéra ní tirẹ̀, ẹlòmíì á tẹ̀ lé e lẹ́yìn, aago ni wọn á sì fi mọ ẹni tó yára jù. Wọ́n á jáde ní kùtùkùtù, kí ojú ọ̀nà tó kún. Aṣọ dúdú ni wọ́n ń wọ̀, láti ọrùn títí dé ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fura pé eré ìje ni. Orúkọ ọ̀nà náà pàápàá, àdììtú ni. Di òní olónìí, lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n ṣì fi ń pe ọ̀pọ̀ ọ̀nà eré ìje yẹn níbẹ̀.

Ẹ fojú inú wò ó: ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́ ní fákítírì, tó tọ́jú owó fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó ra kẹ̀kẹ́ gidi, wọ́n wá ní kó wọ dúdú bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀, kó má ṣe fara hàn. Níbo ni yóò ti ṣe fáàrí? Ara kẹ̀kẹ́ nìkan ló kù.

Àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ náà ní wàhálà tiwọn. Eré ìje yìí kì í ṣe ti olówó, wọn ò gbọdọ̀ fi polówó ọjà ẹnikẹ́ni. Ìtàn tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń gba kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jọ ni pé tí wọ́n bá fẹ́ gbé fọ́tò olúborí sínú ìwé ìròyìn ní àwọn ọdún 1930 sí òkè, wọ́n á pa orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ́ ná. Ẹ rí i, ohun tí olè ṣe sí kẹ̀kẹ́ Bàbá náà ni.

Kí wá ni àwọn oníṣẹ́ náà ṣe? Wọ́n kọlà fún kẹ̀kẹ́.

Mi ò fi ṣàwàdà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi dùn pé kẹ̀kẹ́ àti kẹ́kẹ́ sún mọ́ra báyìí lẹ́nu wa. Láyé àtijọ́, tí ogun bá kó ọmọ lọ, ilà ojú rẹ̀ ló máa ń sọ ilé tó ti wá. Kò nílò ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ Bates ní London ṣe tẹ iwájú kẹ̀kẹ́ tiwọn, apá irin méjì tó di táyà iwájú mú, lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà tẹ̀ ẹ́ rí. Baines ní Bradford ṣe kẹ̀kẹ́ kúkurú kan tí irin abẹ́ ìjókòó rẹ̀ dúró ṣánṣán bí òpó, àwọn èèyàn bá ń pè é ní géètì tó ń fò. Ẹ pa orúkọ rẹ́ títí di ọ̀la, ẹni tó bá rí fọ́tò náà á mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ èyí tó wù mí jù ni ti Hetchins. Hyman Hetchin sá kúrò ní Rọ́ṣíà nígbà ìdàrúdàpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1917, ó dé London, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Tottenham. Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ̀lẹ́bí ní London, ó ṣeé ṣe kí ẹ mọ Tottenham dáadáa, àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀ lónìí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jack Denny ló ń bá a ṣe férémù. Wọ́n mú àwọn páìpù tín-ín-rín tó lọ sí táyà ẹ̀yìn, wọ́n tẹ̀ wọ́n kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ejò tó ń wẹ̀. Ibi tí páìpù méjì bá ti pàdé, irin kan wà tó máa ń gbá wọn mú, lug ni wọ́n ń pè é. Lára ti àwọn yòókù, irin lásán ni. Lára ti Hetchins, wọ́n gé e, wọ́n fi fáìlì họ ọ́, títí ó fi dà bí iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣe sí ọrùn agbádá.

Wọ́n ní páìpù títẹ̀ yẹn máa ń gba gbígbọ̀n ojú ọ̀nà mọ́ra kí ó má dé ìdí ẹni tó ń gùn ún. Èmi ò gbà wọ́n gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Táyà tó rọ̀ díẹ̀ á ṣe iṣẹ́ yẹn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹwà ni wọ́n ń tà, wọ́n wá bá ẹwà wá àwáwí, nítorí òyìnbó ìgbà yẹn kò lè sọ pé òun fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ òun kàn rẹwà.

Ní 1936, Toni Merkens ọmọ Jámánì gba wúrà nínú eré ìje kẹ̀kẹ́ sáà kúkúrú níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Berlin, lábẹ́ àsíá Hitler. Ó dí ẹni tó ń bá a du ipò lọ́nà, Arie van Vliet ọmọ Holland. Wọ́n ní kó san owó ìtanràn 100 máàkì, wọn ò sì gba wúrà lọ́wọ́ ẹ̀. Hetchins ló gùn. Iṣẹ́ ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù àjèjì kan tó sá wá sí Tottenham ló gba iwájú gbogbo ayé kọjá.

Ìgbà tí ogun ń jà lọ́wọ́ ni ẹnì kan tó fọwọ́ gbá òfin náà dànù. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 1942, Percy Stallard kó nǹkan bí ogójì èèyàn jọ, wọ́n sáré pọ̀ lójú títì láti Llangollen dé Wolverhampton. Ọlọ́pàá kò bínú. Ẹgbẹ́ ló bínú, wọ́n lé òun àtàwọn tó sáré. Wọ́n bá dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ẹ ò ní gbàgbé aṣọ dúdú yẹn: àwọn ọmọ Stallard wọ aṣọ aláwọ̀ bíi ti Faransé àti Ítálì, wọ́n gbé gíláàsì dúdú sójú. Tí ẹ bá rí wọn lókèèrè, ẹ ti mọ ìhà tí wọ́n wà. Ó di 1959 kí ẹgbẹ́ méjèèjì tó parí ìjà.

Ní Ítálì, orúkọ kò ní wàhálà kankan, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń wá àmì. Nígbà tí Michele Dancelli gbégbá orókè nínú Milan-San Remo ní 1970 lórí kẹ̀kẹ́ Ernesto Colnago, káàdì ewé mẹ́ta ni Colnago sọ di àmì iṣẹ́ rẹ̀, ó ń kùn ún, ó ń gbẹ́ ẹ sára irin níbi tójú ò ti tètè ń tó. Lóde òní ńkọ́? Ìbọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń ṣàkóso eré ìje kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ní òfin tó sọ ibi tí ìbọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ dé lójúgun, wọ́n sì ń fi irin wọ̀n ọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Bidlake á ti mọ̀ wọ́n lọ́mọ.

Kẹ̀kẹ́ Bàbá ńkọ́? Mo délé ní oṣù Kejìlá tó kọjá, mo lọ sẹ́yìn ilé níbi tó máa ń fara ti, mi ò bá a. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ti tà á fún àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Ó ní ó ti dípẹtà, ó ní kò sí ohun tó kù lára ẹ̀. Àgbà ni, mi ò lè jà. Mo jáde lọ bá àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke, mo dé ibi mẹ́ta tí wọ́n ti ń kó irin jọ, mo ń yí òkìtì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí Raleigh méjì. Ẹnu ẹyẹ wọn pé.

Tí ẹ bá bá kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé pàdé níbikíbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ibi tí ṣéènì ń gbà yí. Orí mẹ́ta, ẹnu méjì. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.