Ta Ló Ni Ẹ̀kọ́ Náà? Ìtàn Kan Láti Ìlú Nancy

Àwa tí a ń kọ́ èdè ní yunifásítì mọ ìwà ara wa. Bí olùkọ́ bá dé, a ó ṣí ìwé. Bí kò bá dé, ó di họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bí handout bá jáde, a ó há a sórí, a ó dà á sínú ìwé ìdánwò, ó parí. Ẹlòmíràn nínú wa á gboyè nínú èdè Faransé, síbẹ̀ kí ará Kútọnu bi í ní ìbéèrè kan péré, á máa wojú ẹni tó bá a lọ. A kò fi bú ẹnikẹ́ni o; àwa náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìtàn yìí fi wọ̀ wá lára.

Ní ọdún 1969, Yves Châlon dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Nancy, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. CRAPEL ni wọ́n ń pè é. Oṣù karùn-ún ọdún 1968 kò tíì jìnnà nígbà náà, oṣù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé dà sígboro, tí àwọn òṣìṣẹ́ náà sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ta ló láṣẹ láti pinnu ohun tí ènìyàn yóò kọ́? Ìbéèrè yìí wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ohun tó lòde nínú ẹ̀kọ́ èdè lásìkò yẹn ni yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ẹ̀rọ bo etí. Téèpù á sọ gbólóhùn kan, òun náà á tún un sọ bí odídẹrẹ́. Ní Nancy, ohùn àwọn elédè gan-an ni wọ́n kó jọ, irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù mú èyí tó bá ohun tó ń wá mu.

Châlon kú ní 1972, Henri Holec sì gba ipò rẹ̀. Ìròyìn tí Holec kọ fún Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù ní 1979 ni gbogbo ayé ṣì ń tọ́ka sí. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó dá dúró ni ẹni tó lè fúnra rẹ̀ pinnu ibi tó ń lọ, ohun tí yóò kọ́, ọ̀nà tí yóò gbà kọ́ ọ, tí yóò sì lè wo ara rẹ̀ bóyá ó ti mọ̀ ọ́n. Ó tún ní a kì í bí èyí mọ́ ènìyàn. Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ.

Ibí yìí gan-an ló dùn mọ́ wa jù. Àwọn ará Nancy kò fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ kó máa rìn kiri. Olùdámọ̀ràn kan ń bá a jókòó. Kì í ṣe láti kọ́ ọ ní gírámà. Ìbéèrè ni yóò máa bi í. Kí lo fẹ́ fi èdè yìí ṣe? Kí lo ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá? Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́? Holec rí i pé ẹni tí olùkọ́ ti ń fà lọ́wọ́ láti kékeré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ èrò pé olùkọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ wo bí inú ṣe ń bí wa nígbà tí olùkọ́ bá ní ká lọ wá ìdáhùn fúnra wa. A ó ní kò fẹ́ ṣiṣẹ́ owó oṣù rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọn yunifásítì káàkiri kọ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 síwájú, Hong Kong náà ní tiwọn. Ibi tí wọ́n bá ti ra ẹ̀rọ láìwá olùdámọ̀ràn, yàrá lásán ló ń dà.

Nílé níbí, Abúlé Èdè Faransé tó bẹ̀rẹ̀ ní Àjárá, Badagry, ní 1991 ló gba ipò ọdún kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé ń lò lókè òkun tẹ́lẹ̀. Ó sún èdè mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tó bá lọ lè bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ Yorùbá títí ọdún á fi pé.

Ní sáà yìí, àwa mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a bi ara wa ní ìbéèrè Nancy: kí lo fẹ́ fi Faransé ṣe? Gbogbo wa dákẹ́ lọ gbári. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wa ní òun fẹ́ lè ná aṣọ ní ọjà Dantokpa láìjẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ń gbọ̀fọ̀ fún òun. A kọ ọ́ sílẹ̀.